Ehoro ọmọ mi kò jẹun láti àná, kò sì yàgbẹ́ dáadáa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ṣadé, Kétu (Ẹtì, aago 7 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ehoro nínú yín, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ehoro kan wà nílé wa tó ń jẹ́ Òwú, funfun báláú ni, ó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wa. Àbúrò ọkọ mi tó ń sin ehoro ní Pọ́bẹ̀ ló fún Ṣadé nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. A kò sìn ín láti tà, a kò sì ní í pa á jẹ. Inú ilé ló ń rìn kiri, bí Ṣadé bá ti ilé ìwé dé, ó máa ń sáré lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

A lọ sìnkú ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Aládùúgbò wa kan ni mo bẹ̀ kó máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Obìnrin dáadáa ni, kò jẹ́ kí ebi pa á, àmọ́ búrẹ́dì àti àgbàdo gbígbẹ ló ń fún un, torí ọyẹ́ ti jó gbogbo koríko ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí a dé lánàá, abọ́ omi rẹ̀ gbẹ, eruku ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kétu, ẹ mọ bí omi ṣe ń wọ́n wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Láti ìrọ̀lẹ́ àná kò fẹnu kan nǹkan kan. Ó ká jọ sí igun, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, etí rẹ̀ sì tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Tí mo bá tẹ́tí sí i, mò ń gbọ́ bó ṣe ń payín keke. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń tóbi tó hóró ẹ̀wà ti kéré bíi iyèré. Méje péré ni mo ṣà láti òwúrọ̀, irun ló so méjì nínú wọn pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn.

Amoxicillin tí a rà fún Ṣadé nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún ṣì kù nílé. Mo fẹ́ po ìdajì hóró kan sínú omi fún un. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ náà kò tíì jẹun alẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹran yìí ló jókòó sí.

Bàbá Ẹlẹ́horo, Sakété (7:10)

Ìyá Ṣadé, ẹ má fún un ní amoxicillin o! Ẹ gbé e kúrò nítòsí pátápátá. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn pé ẹ kò tíì fún un.

Ìyá Ṣadé (7:12)

Mi ò tíì fún un, bàbá. Ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́horo (7:20)

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹlòmíràn náà lè gbọ́. Inú ehoro kò rí bíi tiwa. Àpò ńlá kan wà lára ìfun rẹ̀ tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé, àwọn ló ń bá a po koríko tó jẹ di ohun tí ara lè lò. Tí ẹ bá fún un ní amoxicillin lẹ́nu, àwọn kòkòrò rere yìí ló máa kọ́kọ́ pa. Àwọn burúkú á wá gbilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á máa tú májèlé sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ehoro náà á kú. Ampicillin ń ṣe bẹ́ẹ̀, penicillin tí a ń gbé mì ń ṣe bẹ́ẹ̀, clindamycin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ti fi irú rẹ̀ pa abo ehoro mẹ́ta kí n tó mọ̀. Mo rò pé mò ń ṣe wọ́n lóore ni.

Ohun tó ń ṣe Òwú, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, ó jọ pé ìfun rẹ̀ ti dẹ́kun iṣẹ́. Búrẹ́dì àti àgbàdo kò ní fọ́nrán koríko tó ń ti ìfun ehoro síwájú, omi kò sì sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gbẹ, ó dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ kún ibẹ̀, inú wá ń dùn ún. Torí ìrora ni kò ṣe jẹun, àìjẹun sì ń mú kí ìfun dúró sí i. Ehoro kì í bì. Ohun tó bá ti wọnú rẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà jáde. Nítorí náà, tí ehoro bá lo wákàtí 12 láìjẹun, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, ẹ má sọ pé ẹ máa wò ó títí di ọ̀la.

Ẹ fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣé ó rọ̀, àbí ó le bí awọ ìlù?

Alága, Ìlárá (7:24)

Ẹ má bínú o, ìyá. Ẹran ni ehoro. Èmi ì bá pa á kó tó kú dànù.

Ìyá Ṣadé (7:29)

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Àmọ́ ẹ kò rí ojú ọmọ mi lálẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá bó ṣe máa yè.

Bàbá, ikùn rẹ̀ kò le bí ìlù. Ó ń rọ̀ díẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ó kàn wú ju bó ṣe máa ń rí lọ. Kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ìyá Àgbà, Sabẹ (7:33)

Ọmọ mi, bí inú bá dí ẹran lọ́dọ̀ wa, kánhún díẹ̀ la máa ń pò mọ́ epo pupa. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ewúrẹ́.

Àbẹ̀kẹ́, Àjàṣẹ́ (7:40)

Ẹ kú alẹ́, ìyá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbé kánhún sí ehoro. Ewúrẹ́ ń jẹ àpọ̀jẹ, ehoro kì í jẹ ẹ́, inú wọn kò jọ ara wọn rárá. Kánhún lè ba àyíká tí àwọn kòkòrò tí bàbá sọ yẹn ń gbé jẹ́. Epo náà, tí ó bá gba ọ̀nà mímí wọnú ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà mìíràn nìyẹn.

Mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ dókítà ẹran níbí, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a máa ń ṣe kún ti bàbá. Kété tí ẹ bá ka èyí, ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Òwú, kì í ṣe sábẹ́ rẹ̀. Etí tó tutù ń sọ fún wa pé ara rẹ̀ ń tutù. Ara ehoro tó dá ṣáṣá máa ń gbóná láàrin 38,5 sí 40 °C, tó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 38, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kó lè kúrò nídìí ìgò náà tí ooru bá pọ̀ jù fún un.

Lẹ́yìn náà, omi. Inú abọ́ ni kí ẹ bu ú sí, ó rọ ehoro lọ́rùn ju ẹnu ìgò lọ. Ẹ tún fi omi wẹ ewé, ẹ má nù ún, ẹ gbé e sí iwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tí kì í mu omi mìíràn máa ń lá ti orí ewé.

Fún oúnjẹ, ẹ lọ sí fámásì, ẹ ra sírínjì 10 ml, ẹ yọ abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ kúrò. Tí oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ń tà fún ehoro bá wà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ títí tó fi máa ki bí ògì. Ẹ má fún un ní ògì gan-an o, àgbàdo ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ má ti sírínjì sí i láàrin eyín iwájú. Tí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ máa rí àlàfo tí kò ní eyín, níbẹ̀ ni kí ẹ ti máa kán an díẹ̀díẹ̀, kó máa gbé e mì kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ o, kó jókòó bó ṣe máa ń jókòó. Tó bá ń wọn kìlógíráàmù méjì àtààbọ̀, sírínjì kan ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta á tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ikùn rẹ̀ le bí ìlù ni, mi ò ní sọ pé kí ẹ fún un ní nǹkan kan lẹ́nu, ó lè jẹ́ pé irun tàbí nǹkan mìíràn ló dí ìfun pa. Dókítà nìkan ló lè yanjú ìyẹn.

Àwọn dókítà tó ń tọ́jú màlúù wà ní Kétu. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ yìí. Tí wọn kò bá mọwọ́ ehoro, ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú yín, wọ́n á mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò.

Ìyá Àgbà, Sabẹ (7:46)

Ó dáa, ọmọ mi. Mo fi kánhún mi sílẹ̀. Ọlọ́run á bá yín gbé e dìde.

Ọlọ́kọ̀, Kétu (7:58)

Èmi náà ní ehoro méjì nílé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ wọn kan kú. Ìgbẹ́ gbuuru ni tirẹ̀. Ṣé àrùn kan náà ni?

Bàbá Ẹlẹ́horo (8:05)

Rárá, ọ̀gá, ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ ehoro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kúrò lẹ́nu ọmú tó ń ṣu gbuuru, kòkòrò inú ìfun tí wọ́n ń pè ní coccidia ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ibi tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ bá dàpọ̀ mọ́ oúnjẹ lórí ilẹ̀ ló ti ń ràn. Ẹ gbé èyí tó kù kúrò lórí ilẹ̀, kí ìgbẹ́ máa bọ́ sísàlẹ̀ láàrin pákó, kí ẹ sì gbé díẹ̀ nínú ìgbẹ́ náà lọ fún dókítà. Oògùn rẹ̀ wà. Ẹ má dúró.

Ìyá Ṣadé (9:40 alẹ́)

Mo ti rí dókítà kan pè, òwúrọ̀ ọ̀la ló ní òun lè wá. Zẹ́mì (ọlọ́kadà) kan bá mi ra sírínjì. Oúnjẹ oníhóró kò sí lọ́jà, ni mo bá ya lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń sin ehoro lọ́nà Ìdígné, ó bu kọ́ọ̀bù kan fún mi, kò gba owó. Ẹ̀ẹ̀kíní, gbogbo rẹ̀ ló tú sí mi láyà. Ẹ̀ẹ̀kejì, Ṣadé gbá a mọ́ra nínú aṣọ ìnura, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, Òwú sì gbé nǹkan bí ìdajì sírínjì mì. Mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò.

Àbẹ̀kẹ́ (9:44)

Ẹ ṣeun gan-an! Ìdajì yẹn pọ̀. Tó bá ti gbà á, ẹ jẹ́ kó rìn díẹ̀ nínú yàrá, ìrìn máa ń jí ìfun. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, àmọ́ tó bá fà sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá Ṣadé (Àbámẹ́ta, aago 11 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. A kò sùn. Aago mẹ́ta òru ni mo fún un gbẹ̀yìn kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì gba sírínjì kan tán.

Dókítà ti dé, ó ti lọ. Ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó ní eyín rẹ̀ dára, kì í ṣe eyín ló kó o sí i. Ó fa omi sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, ó gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, ó sì fún wa ní oògùn tó ń jí ìfun, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi amoxicillin hàn án. Ó mi orí, ó ní ká ní mo ti fún un ni, òun kò ní lè ṣèlérí fún mi.

Ó béèrè ohun tó ń jẹ lójoojúmọ́. Ojú tì mí díẹ̀. Kárọ́ọ̀tì la máa ń fún un jù, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí ó fẹ́ràn wọn. Ó ní koríko ló yẹ kó pọ̀ jù lọ nínú oúnjẹ rẹ̀, tútù tàbí gbígbẹ, kó wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru, eyín rẹ̀ tí kì í dẹ́kun dídàgbà náà ń kúrú nípasẹ̀ rẹ̀. Nísinsin yìí tí ọyẹ́ ti jó gbogbo rẹ̀, níbo ni ẹ ti ń rí i?

Bàbá Ẹlẹ́horo (11:25)

Ẹ lọ sí àfonífojì àti etí odò, eéran kì í gbẹ tán níbẹ̀. Èmi máa ń gé e ní ìparí òjò, nínú oṣù kẹwàá, mo ń sá a sábẹ́ òrùlé, kì í ṣe nínú oòrùn, títí tó fi gbẹ tó sì tún ń ta sánsán. Tó bá ti ń rùn bí ilẹ̀ tútù, ó ti bu nìyẹn, ẹ dà á nù. Yúnyun dára, ewé ànàmọ́ dára níwọ̀nba. Ẹ má já ewé ẹ̀gẹ́ tútù fún un, májèlé wà nínú rẹ̀, ẹ má sì já ewé píà fún un láéláé. Koríko tí ẹ kó jọ tó ti ń gbóná nínú àpò, òun náà ń wú wọn nínú. Mo ní ìdì koríko gbígbẹ mẹ́ta tó kù. Mo máa fi ọ̀kan rán mọ́tò Pọ́bẹ̀ sí yín lọ́la.

Alága, Ìlárá (11:40)

Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi àná. Eéran ṣì tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò wa níbí. Mò ń bọ̀ ní Kétu lọ́sàn-án yìí, màá gé díẹ̀ bọ̀.

Ìyá Ṣadé (Àìkú, aago 6 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Ìlárá, mo dúpẹ́ o. Ó jẹ ewé méjì lálẹ́ àná fúnra rẹ̀. Àti ìgbẹ́! Mókàndínlógún, mo kà wọ́n. Àwọn àkọ́kọ́ kéré, wọ́n sì ṣe wọ́ọ́kuwọ̀ọ̀kù, àmọ́ àwọn tó gbẹ̀yìn yí roboto, tí ẹ bá fọ́ wọn, koríko ló wà nínú wọn.

Bàbá Ẹlẹ́horo (6:15)

Ọlọ́run ọba! Ẹ máa fún un ní sírínjì lọ títí tó fi máa jẹun bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ sì lo oògùn dókítà pé. Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ gbọ́. Ehoro ní ìgbẹ́ kejì, ó rọ̀, ó ń dán, ó so pọ̀ bí èso àjàrà. Ó máa ń jẹ ẹ́ láti ìdí rẹ̀ tààrà, ara oúnjẹ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí i tó tẹrí ba sábẹ́ ara rẹ̀, ẹ má lé e, ẹ má sọ pé ìdọ̀tí ni.

Ìyá Ṣadé (6:50)

Bàbá, Ṣadé ló sọ pé kí n kọ ọ́ fún yín: ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó tẹrí ba, ó jẹ ẹ́, ó nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì wá sùn sórí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Etí rẹ̀ ti gbóná.