Àbọ̀ ìbéèrè mi: ilé méjì àti ìrìn àjò ìdílé wa

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo bèèrè níjọ́sí bóyá kí n ta ilé méjì wa tí àwọn ayálégbé ń gbé kí èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ tó gbéra láti máa gbé ìlú dé ìlú. Mi ò tà á. A gba alábòójútó tó ń yọ ìdá mẹ́wàá nínú owó ilé, lọ́yà sì ṣe ìwé àṣẹ tí alábòójútó náà lè fi fọwọ́ síwèé lórúkọ wa.

Ọ̀rọ̀ omi ló fẹ́ dójú tì wá. Páìpù bẹ́ nílé ìdáná ayálégbé òkè lọ́sàn-án gangan nílé, ṣùgbọ́n òru ni níbi tí àwa wà nígbà náà, mo sì ti pa fóònù. Kí n tó jí, àjà ilé ìsàlẹ̀ ti rin gbingbin. Látọjọ́ náà, alábòójútó lè tún nǹkan ṣe láì pè mí, bí kò bá ti ju ìdajì owó ilé oṣù kan lọ. Fídíò àtúnṣe náà ló ń fi ránṣẹ́ sí mi tó bá ti parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé owó ilé nìkan á tó wa gbọ́ bùkátà, ẹ má bínú, kò tó. Bí ilé kan bá ṣófo lóṣù kan, ebi ọmọ ò mọ̀yẹn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi ló ń dí àlàfo náà.

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo pa ìbéèrè yìí dé.