Afẹ́nifẹ́re àti progressive: ṣé ìkan náà ni wọ́n?

ỌmọTíṣà:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan ló ń dà mí láàmú. Tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti délẹ̀ nílé wa, bàbá mi á ní "Afẹ́nifẹ́re ni wá nílé yìí", àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìyẹn ò kan òun, pé progressive lòun. Wọ́n á wá máa bá ara wọn fà á, ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé kí gan-an ni ìyàtọ̀ ẹ̀, orúkọ èèyàn ni wọ́n máa ń kà sí mi létí, lágbájá wà lọ́dọ̀ wa, tàmẹ̀dò ti sá lọ sí pátì kejì. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan tí ọ̀rọ̀ yẹn dúró fún. Ṣé ìdẹ́ólọ́jì ni Afẹ́nifẹ́re àbí orúkọ ẹgbẹ́ ni? Ṣé òun náà ni wọ́n sọ di progressive? Àti pé ṣé ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè pe ara ẹ̀ ní Afẹ́nifẹ́re? Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀.

Akọ̀wéÀgbà:
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè, torí ọ̀pọ̀ tó ń lo ọ̀rọ̀ yìí ni ò béèrè rí.

Jẹ́ ká mú Afẹ́nifẹ́re ṣáájú. Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá Action Group sílẹ̀, tí wọ́n ṣí i ní gbangba ní Ọ̀wọ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1951, òyìnbó lorúkọ ẹgbẹ́ náà, kò sì rọrùn lẹ́nu àgbẹ̀ tó ń ká kòkó. Àwọn èèyàn ń pè é ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nítorí igi ọ̀pẹ tó jẹ́ àmì ìdìbò wọn, ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re lorúkọ tó ń sọ èrò wọn, ìyẹn ẹni tó fẹ́ràn ẹni tó sì ń fẹ́ ire fún un. Ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà wọn náà ò jìnnà sí i, òmìnira fún gbogbo èèyàn, ìgbé ayé lọ́pọ̀ yanturu.

Nǹkan tó jẹ́ kí n gbà pé ìdẹ́ólọ́jì ni, kì í ṣe orúkọ nìkan, ni pé wọ́n jókòó kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀. Adékúnlé Ajásin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé Imade College l'Ọ́wọ̀ ló kọ ìwé lórí ètò ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́, inú ìwé yẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti jáde, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lóṣù kìíní ọdún 1955. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 ò ju nǹkan bí 457,000 lọ, nígbà tó fi máa di 1955 wọ́n ti lé ní 800,000. Rò ó wò, láàárín ọdún kan péré. Níbi ìpàdé gbogbogbòò tí wọ́n ṣe ní Jos lọ́dún 1962 ni ẹgbẹ́ wá sọ ọ́ ní gbangba pé democratic socialism ni ọ̀nà tí àwọn ń tọ̀, ìyẹn pé kí ìjọba fi owó ìlú gbé tálákà dìde, àmọ́ kó jẹ́ pé ìdìbò ni wọ́n á fi ṣe é, kì í ṣe ìbọn. Ibẹ̀ náà ni àárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, igbákejì ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, ti fọ́ pátápátá.

Ti ẹni tí kì í ṣe Yorùbá: ó lè jẹ́ ẹ dáadáa. Anthony Enahoro ará Uromi wà lára àwọn òpó ẹgbẹ́ náà. S. G. Ikoku, ọmọ Ìlà Oòrùn, òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ ní Jos yẹn. Ambrose Alli tó jẹ́ gómìnà Bendel lábẹ́ UPN, ẹgbẹ́ tuntun Awólọ́wọ̀, ní 1979, Yorùbá kọ́ o, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan náà yẹn ló gbé lọ síbẹ̀.

ÌyáÌbejì_L'Óǹdó:
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ temi kún un torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ìyá mi wà lára àwọn tó wọlé ní January 1955 yẹn. Wọ́n ní ìwé ọjọ́ ìbí ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tíṣà kàn ń sọ pé kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kó fi fọwọ́ kan etí òsì, tó bá kàn án, ó ti tó ilé ìwé nìyẹn. Ọwọ́ ìyá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ló bá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kọ́wọ́ ẹ̀ lè kàn án, tíṣà rí i, kò sọ nǹkan kan. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ ò lọ, torí wọ́n ti mú un lọ síbi tó ti ń bá èèyàn ta ọjà, kó tó padà dé ó ti pẹ́ jù, títí tó fi kú àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́.

Nítorí ẹ̀ tí ẹnì kan bá ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìdẹ́ólọ́jì, mi ò lè gbà. Ìyá mi ò lè ka nǹkan kan fún ẹ lórí sósálísíìmù, àmọ́ tó o bá bi í pé kí ni Afẹ́nifẹ́re, ó máa sọ fún ẹ pé àwọn tó ní kí ọmọbìnrin náà lọ sílé ìwé ni. Mo gbà pé ìtumọ̀ tó dáa jù nìyẹn.

ọmọ_Alákùkọ:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá bàbá mi, ẹgbẹ́ Alákùkọ ni wọ́n, NCNC, ní Ìbàdàn, wọ́n ò sì gbà láé pé Action Group nìkan ló fẹ́ ire fún èèyàn. Ẹ rántí pé owó orí tuntun ni wọ́n bù lé aráàlú kí ẹ̀kọ́ àti ìlera ọ̀fẹ́ yẹn tó ṣeé ṣe, inú sì bí àwọn èèyàn, nígbà tí wọ́n dìbò àpapọ̀ ní 1954, NCNC ló na Action Group nílé ara wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn. Owó kòkó ńkọ́? Marketing Board ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èrè tó ṣẹ́kù ni ìjọba ń ná. Àgbẹ̀ ló sanwó ilé ìwé yẹn ní tòótọ́. Mi ò sọ pé kò dáa o, èmi gan-an jẹ nínú ẹ̀, mò ń sọ pé kí wọ́n máa dárúkọ ẹni tó sanwó ẹ̀ ni.

Nípa progressive, ọ̀rọ̀ yẹn ò tiẹ̀ fìgbà kankan jẹ́ ti Yorùbá nìkan. Ẹ wo ìhà Àríwá. NEPU tí Aminu Kano di aṣáájú ẹ̀, 1950 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Kánò, àwọn tálákà tí wọ́n ń pè ní talakawa ni wọ́n ń jà fún, wọ́n dojú kọ àwọn sàràkí àti NPC, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Àríwá. Nígbà tó di 1979 tí PRP tó jẹ́ ọmọ NEPU gba Kánò àti Kàdúná, nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n fagi lé haraji tó jẹ́ owó orí, àti jangali tó jẹ́ owó orí màlúù. Ṣé ẹ rí i? Progressive ti Ìwọ̀ Oòrùn bu owó orí lé èèyàn kó fi lè kọ́ ilé ìwé, progressive ti Kánò yọ owó orí kúrò lọ́rùn tálákà. Ohun tí wọ́n ṣe ò jọra rárá, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ibo ni wọ́n ti wá pàdé?

Akọ̀wéÀgbà:
@ọmọ_Alákùkọ o ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ lo sọ yẹn. Ti owó kòkó, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ibi tí wọ́n ti pàdé, lójú tèmi, ni ìbéèrè pé ta ló ń ru ẹrù ìjọba, ta ló sì ń jẹ èrè ẹ̀. Ní Kánò, haraji wúwo lórí tálákà, ọba àti àwọn ìjòyè ló ń gbà á, aráàlú ò rí nǹkan kan padà. Ní Ìwọ̀ Oòrùn, owó orí wúwo lóòótọ́, àmọ́ ó padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹni tó san án. Àwọn méjèèjì ń gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tó rẹlẹ̀ jù lọ, ọ̀nà ni wọ́n fi yàtọ̀.

Ní ti orúkọ yẹn gan-an, ó ti wà nínú orúkọ NEPU, Northern Elements Progressive Union, láti 1950, wọ́n sì gbé e sórí àjọṣe ẹgbẹ́ ní 1964, nígbà tí Action Group, NCNC àti NEPU para pọ̀ di UPGA, United Progressive Grand Alliance. Ní 1979 sí 1983, àwọn gómìnà UPN, PRP àti GNPP máa ń pàdé pọ̀, àwọn ìwé ìròyìn ń pè wọ́n ní progressive governors, NPN tó wà ní Lagos níjọba àpapọ̀ sì ni wọ́n jọ ń kọjú ìjà sí. Títí di ìgbà yẹn ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ní nǹkan nínú, o lè ka ohun mẹ́rin tí UPN ní àwọn máa ṣe lórí ìka, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele, ìlera ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn.

1989 ni nǹkan yí padà. Ìjọba ológun Babangida kọ̀ láti forúkọ ẹgbẹ́ tí àwọn olóṣèlú dá sílẹ̀ fúnra wọn sílẹ̀, ó wá dá méjì sílẹ̀ fún wọn, SDP tó ní kó tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, NRC tó ní kó tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Ìjọba ló ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ gbà gbọ́ fún ẹgbẹ́! Àwọn èèyàn wá ń yan ibi tí ọ̀rẹ́ wọn bá wà. M. K. O. Abíọ́lá tó du ipò ààrẹ lórúkọ SDP ní 1993, inú NPN ló ti wà rí nígbà ìjọba alágbádá kejì. Nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò June 12 yẹn, ìtumọ̀ tuntun tún wọlé: progressive di ẹni tó dúró ti June 12, ẹni tó wà ní NADECO, àjọ tó ń jà pé kí wọ́n gba ìbò náà, ẹni tó sá lọ sókè òkun tàbí tí wọ́n tì mọ́lé. Ìjà gidi ni, àwọn èèyàn kú sí i, ṣùgbọ́n ìjà ká lè dìbò ni, kò sọ fún ẹ bí ẹni tó jà á á ṣe náwó tó bá dépò. Láti ibẹ̀ lo ti lè rí ẹni méjì tó jọ jìyà fún June 12, tí wọ́n dé ìjọba, tí ọ̀kan fẹ́ kí ìjọba máa ṣe ilé ìwé, tí ìkejì fẹ́ kí wọ́n tà á. Àwọn méjèèjì ń pe ara wọn ní progressive, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Ní 2013 ni ACN, CPC, ANPP àti apá kan APGA wá di APC, All Progressives Congress, ọ̀rọ̀ náà tún wọ inú orúkọ pátì lọ tààrà. Ìtàn àwọn tó dà pọ̀ yẹn ò bára mu láti ilẹ̀. Látìgbà yẹn, tí ẹnì kan bá ní òun jẹ́ progressive, ó lè jẹ́ pé pátì tó wà ló ń sọ, ó sì lè jẹ́ èrò ọkàn ẹ̀, o gbọ́dọ̀ bi í kó o tó mọ̀.

ỌmọTíṣà:
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ti là mí lójú o. Mo ti wá rí i pé nǹkan tí bàbá mi ń sọ àti nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ, ìran kan náà ni, ìgbà ló yàtọ̀. Ìkan ló kù. Afẹ́nifẹ́re tí à ń gbọ́ lórí rédíò báyìí, ṣé pátì ṣì ni? Àti pé bàbá mi máa ń pe ẹni tí ò bá wù wọ́n ní "Dẹ́mọ", ṣé òun ni òdìkejì Afẹ́nifẹ́re?

Ará_Òkè:
Afẹ́nifẹ́re òde òní kì í ṣe pátì. Ayé Abacha ni àwọn àgbà tó kù nínú ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ gbé orúkọ náà dìde padà, Ajásin tó kọ ìwé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni olórí wọn títí tó fi kú ní 1997, Abraham Adésànyà gbà á lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn ló wà nídìí AD, pátì Alliance for Democracy, tó gba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù ní 1999. Báyìí ẹgbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ fún Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ jù ni àtúntò Nàìjíríà, kí ìpínlẹ̀ tàbí ẹkùn máa darí ara ẹ̀. Wọ́n kì í dìbò pa pọ̀ mọ́ bíi tàtijọ́, nígbà ìdìbò 2023 àwọn aṣáájú wọn pín sí méjì, Pa Fáṣọrántì dúró ti Tinubu, Pa Adébánjọ dúró ti Peter Obi, orúkọ Afẹ́nifẹ́re sì ni àwọn méjèèjì fi sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun yéni, kó máa sọ bóyá ẹgbẹ́ àwọn àgbà yìí lòun ń sọ àbí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera ti ayé Awólọ́wọ̀, torí èèyàn lè gba ìkan kó má gba ìkejì. Èmi gba ètò yẹn tọkàntọkàn, ọ̀rọ̀ àtúntò ló ṣì ń ṣe mí ní kàyéfì pé ta ló máa sanwó fún ìpínlẹ̀ tí ò ní nǹkan kan.

Dẹ́mọ ni tiẹ̀, òun kì í ṣe ìdẹ́ólọ́jì. NNDP tí Akíntọ́lá dá sílẹ̀ ní 1964 ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Àlàyé tiwọn ni pé Yorùbá ò gbọ́dọ̀ wà níta kí àwọn ẹ̀yà yòókù máa pín ipò l'Ékòó, pé ká bá NPC ṣe. Tó o bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe máa rí nǹkan gbà lókè ni, ọ̀pọ̀ tó ń pe ara wọn ní progressive lónìí gan-an ló ń sọ ọ́. Ìbò Ìwọ̀ Oòrùn ti 1965 tí wọ́n yí ló sọ orúkọ náà di èébú, torí òun ló fa wẹ́tiẹ̀, tí wọ́n ń da pẹtiróòlù sára èèyàn àti ilé tí wọ́n ń ṣáná sí i. Sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n rọra máa lò ó níta, ní àwọn ìlú kan láyìíká Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, àwọn kan ṣì wà tí wọ́n jó ilé bàbá wọn nítorí orúkọ yẹn, wọn ò sì kà á sí ọ̀rọ̀ àtijọ́.