Sípíkà mi ń kùn: ṣé iná ilé ni àbí wáyà?

Olólùfẹ́ Orin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin ni mo gbé wá. Mo ní amplifier kan (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin lágbára) àti sípíkà méjì. Láptọ́ọ̀pù, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ló so mọ́ ọn. Bí mo bá ti tan amplifier báyìí, kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá, sípíkà á ti máa kùn hùùù. Bó bá di alẹ́ tí a tan iná pálọ̀, ìró mìíràn á tún gorí rẹ̀, tó ń ké sììì. Wọ́n ní kí n ra wáyà iná olówó ńlá àti àpótí tó ń fọ iná mọ́. Ẹlòmíràn ní kí n gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye kí n tó náwó.

Ẹ̀gbọ́n Oníná

Àbúrò, má gé ẹsẹ̀ kẹta yẹn o. Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka ibí yìí pẹ̀lú. Bí wáyà kan bá já nínú amplifier tó sì kan ara irin rẹ̀, wáyà earth tó so mọ́ ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló ń gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀, tí brékà á fi já tàbí tí fíùsì á fi jó lójú ẹsẹ̀. Bí o bá gé e, ìkùn yẹn lè lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wáyà bá kan irin, iná á dúró sára amplifier, á sì gba wáyà orin dé ara gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló máa mọ̀ ọ́n.

Má tíì ra nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a ń dá iná ilé lẹ́bi fún, bí a ṣe so ẹ̀rọ pọ̀ ló fà á. Gbé etí sún mọ́ sípíkà, kí o tún gbé e sún mọ́ amplifier fúnra rẹ̀. Ìró tó bá ń ti inú sípíkà jáde sábà máa ń bá wáyà orin wọlé ni. Èyí tó bá ń ti inú àpótí amplifier jáde nígbà tí sípíkà dákẹ́, tiransifọ́mà inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ọ̀nà wọn jìn síra.

Wàyí o, pa amplifier. Yọ gbogbo wáyà orin tó wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ti sípíkà nìkan ni kí o fi sílẹ̀. Tàn án. Bó bá dákẹ́, amplifier sàn. Pa á, so ẹyọ kan padà, tàn án, kí o gbọ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ìkùn á fi padà. Èyí tí o so gbẹ̀yìn ni kí o mú.

Bó bá jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n, kò ní yà mí lẹ́nu. Okùn tó ń ti ìta wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ ti áńtẹ́nà tàbí ti cable, ní earth tirẹ̀ níbòmíràn. Amplifier ní tirẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Earth méjèèjì kì í dọ́gba pátápátá, nítorí náà iná kékeré á máa gba ara wáyà orin láti ọ̀kan lọ sí èkejì. 50Hz, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni iná ń lù ní Yúróòpù, 60Hz ni ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Òun gan-an lò ń gbọ́ tó ń kùn yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ki gbogbo ẹ̀rọ orin bọ ekitẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo tó dáa, láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí earth gbogbo wọn lè pàdé lójú kan. Bí tẹlifíṣọ̀n àti amplifier bá ní ihò optical, òun ni kí o fi so wọ́n pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú okùn yẹn, iná kò lè bá a kọjá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ra galvanic isolator kékeré tí wọ́n ń fi sí ẹnu okùn áńtẹ́nà tàbí ti cable, kí earth méjèèjì má baà kàn ara wọn. Ní ti láptọ́ọ̀pù, yọ ṣájà kí o lo bátìrì. Bí ìkùn bá lọ, ọ̀dọ̀ ṣájà ló ti wá.

Yẹ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù náà wò. Ọ̀pọ̀ wọn ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dá wà, tí irin kékeré bíi fọ́ọ̀kì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìdí ìṣó tí wọ́n kọ GND (ìyẹn earth) sí lẹ́yìn amplifier ni kí ó wà, kí o sì fún un pinpin. Bó bá ṣí, ìkùn rẹ̀ á ju gbogbo ti ìyókù lọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti sììì yẹn, torí a bá a jà nílé wa dáadáa. Gílóòbù tí a lè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Dimmer tó wà lára ògiri máa ń gé iná já ní ìgbà 100 tàbí 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gígé yẹn ló ń ké. Ẹ yí i dé òpin kí iná mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ tún pa á. Bí ìró náà bá ń yí padà bí ọwọ́ yín ṣe ń yí i, ẹ ti rí i mú. Dimmer tí wọ́n ṣe fún gílóòbù LED ni kí oníná fi rọ́pò rẹ̀.

Ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú náà ń ké bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní rédíò kékeré tó ń lo bátìrì, ẹ gbé e sí AM níbi tí kò sí iléeṣẹ́ kankan, kí ẹ máa gbé e kiri ilé. Tó bá ti sún mọ́ èyí tó ń bàjẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo ẹ̀rọ àyẹ̀wò lọ, ó ń tọ́ka sí i gan-an ni. Kí wáyà iná àti wáyà orin má sì jọ sùn pọ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì kọjá.

Olólùfẹ́ Orin

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Nígbà tí mo fa okùn cable yọ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kẹ́kẹ́ pa! Mo ti ra isolator. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, amplifier fúnra rẹ̀ ṣì ń kùn fún ìgbà díẹ̀. Sípíkà dákẹ́, inú àpótí ló ti ń wá. Ṣé wáyà olówó ńlá yẹn ló kù?

Ẹ̀gbọ́n Oníná

Rárá. Wo bóyá ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ gbẹ irun lásìkò yẹn. Àwọn kan nínú wọn, bí o bá gbé e sí ìdajì agbára, apá kan iná nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ìyẹn á jẹ́ kí iná DC díẹ̀ (èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo) yọ́ wọ inú AC ilé (èyí tó ń lọ tó ń bọ̀), tiransifọ́mà tó rí roboto bí òrùka kì í sì gbà á, á máa gbọ̀n. Bí ìkùn bá bá ẹ̀rọ irun wá tó sì bá a lọ, òun ni. Kò ní ba orin jẹ́. Bó bá sú ọ, DC blocker, ohun tó ń dá DC yẹn dúró, ni kí o béèrè fún, èyí tí wọ́n ti ṣe parí tó sì ní àmì àyẹ̀wò.

Ní ti wáyà olówó ńlá, rò ó wò. Wáyà lásán ni iná gbà láti ìta títí dé sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ. Kí ni mítà kan tó gbẹ̀yìn fẹ́ tún ṣe? Amplifier fúnra rẹ̀ ń sọ AC di DC, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú capacitor (ohun tó ń gba iná pamọ́) kí ó tó lò ó. Fi owó yẹn ra kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn àti kọ́tíìnì, kí o sì fa sípíkà kúrò lára ògiri. Etí rẹ á gbọ́ ìyàtọ̀.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Láti Amẹ́ríkà ni mo ti kó ẹ̀rọ mi wá sí Ìlú Ọba. Mo ti ra tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 120. Ṣé ó parí?

Ẹ̀gbọ́n Oníná

Ẹ kú ìrìnàjò, sà. Kò tíì parí. Tiransifọ́mà ń yí fóòtì padà, kì í yí 60Hz padà sí 50Hz tàbí 50 sí 60. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn amplifier. Bí ẹ bá rí 100–240V, 50/60Hz, púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ nílò. Bí 120V, 60Hz nìkan ló wà níbẹ̀, tiransifọ́mà inú rẹ̀ lè máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má fi sílẹ̀ kí ẹ jáde nílé. Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlù iná yóò sì máa falẹ̀: dípò 33⅓, nǹkan bí 27.8 ni yóò máa yí ní ìṣẹ́jú kan, ohùn olórin á wúwo. Àwọn kan ní pulley mìíràn (kẹ̀kẹ́ kékeré orí mọ́tò) fún 50Hz. Èyí tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ DC kò ní wàhálà yìí.

Ìyá Ìbejì

Ṣé kí èèyàn tún ra sitebiláísà ni?

Ẹ̀gbọ́n Oníná

Ẹ kọ́kọ́ wọn iná náà wò, mà. Ní Ìlú Ọba, láàárín 216 sí 253 fóòtì ló yẹ kí ó wà. Ní Amẹ́ríkà, 114 sí 126. Bó bá wà níbẹ̀, sitebiláísà kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ohun tí mo fọwọ́ sí ni surge protector, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ bí iná bá ru sókè lójijì, torí àrá. Kì í fọ iná mọ́, ó sì ń gbó. Bí àmì iná ààbò ara rẹ̀ bá kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Bí gílóòbù kan bá ń dín kù nígbà tí òmíràn ń mọ́lẹ̀ jù, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà, ti ṣí. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ lára iná, kí ẹ pe iléeṣẹ́ iná lójú ẹsẹ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá sì gbóná lọ́wọ́ tàbí tó ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, kí oníná wá kí ẹ tó tún lò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ orin ní wáyà tirẹ̀ láti ara àpótí brékà, ó dáa, ṣùgbọ́n kò kan ayálégbé láìgba àṣẹ onílé. Ní England, irú iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dé etí ìjọba ìbílẹ̀. Oníná tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bá èèyàn fi tó wọn létí. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ.