Kí ló dé tí òṣùpá kì í fi í wọ òjìji ayé lóṣooṣù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń múra ìdánwò ASVAB láti wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ó ti yé mi pé bí ayé ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 23.5 ló ń fa ìgbà òtútù àti ooru, kì í ṣe jíjìnnà sí oòrùn. Ṣebí oṣù Kìíní, tí òtútù ń mú ní Amẹ́ríkà, la máa ń sún mọ́ ọn jù!

Òṣùpá ló kù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì lóru bí oòrùn, mo na bọ́ọ̀lù kékeré síwájú bí òṣùpá, orí mi ni ayé, mo ń yí pòyì. Gbogbo ìgbà tí mo bá kẹ̀yìn sí iná, òjìji orí mi a bo bọ́ọ̀lù náà. Mo wo fídíò méjì, kò yé mi síbẹ̀. Kí ni mò ń ṣe tí kò bá ti òṣùpá gidi mu?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.