Iṣẹ́ òwú mẹ́rin wà nílẹ̀ tí kò parí: èwo ni kí n tú, èwo ni kí n parí?

Alápò Òwú:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú àpò mi, kò sí èyí tó parí nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni súwẹ́tà wúùlù: ẹ̀yìn rẹ̀ ti parí, iwájú dé ìsàlẹ̀ abíyá, apá kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, okùn ni mo fi kó ojú rẹ̀ (àwọn ìkọ́ òwú kéékèèké tó máa ń wà lórí abẹ́rẹ́) jọ, n kò sì kọ nọ́ńbà abẹ́rẹ́ náà síbì kankan. Èkejì ni ìbọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ kan péré. Ẹ̀kẹta ni ìborùn oníhò. Ojú 61 ló yẹ kó wà lórí abẹ́rẹ́, 60 ni mò ń kà. Ẹ̀kẹrin ni aṣọ ìbora ọmọ tí mo fi òwú àkírílíìkì hun: òwú tán nígbà tó ku bí ìlà 40, èyí tí mo rí rà lẹ́yìn náà sì ṣú díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an ni. Kí òwú máa yọ́ gba àárín ìka kọjá, kí ojú kan máa wọnú òmíràn títí aṣọ á fi máa gùn sílẹ̀ lórí itan, ó máa ń fi ọkàn mi balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n ṣòfò. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ojú Abẹ́rẹ́:
Súwẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, torí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti parí ni yóò sọ ohun tí ẹ kò kọ sílẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ má fà á. Ẹ gbé rúlà lé àárín rẹ̀, kó jìnnà sí etí, kí ẹ ka iye ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ní ojú ire aṣọ, èyí tó máa ń kọjú síta, ojú kọ̀ọ̀kan máa ń rí bíi lẹ́tà V: ẹ kà á ní ìbú, ẹ ó mọ iye ojú, ẹ kà á lọ sókè, ẹ ó mọ iye ìlà.

Ká ní 22 lẹ kà. Ẹ kó ojú 30 sórí abẹ́rẹ́ mílímítà 4, ẹ hun ìlà 40, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ tó wọ̀n ọ́. Bó bá fún yín ní 24, ọwọ́ yín ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ gòkè sí 4.5. Bó bá jẹ́ 20, ọwọ́ ti dẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí 3.5. Ẹ má fojú kéré ojú méjì o. Ojú 110 tó bá wà ní 22 yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50. Ní 24, kò ní ju 46 lọ. Èyí tó tóbi àti èyí tó fún kò ní ṣe é rán pọ̀ láìkákò.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín ojú ní abíyá, ẹ ka ìlà ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dín in, ẹ fi òwú aláwọ̀ mìíràn sàmì sí gbogbo ìlà kẹwàá kí ẹ má baà ṣì í kà. Iye ìlà iwájú gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Tó bá kan apá, ẹ hun méjèèjì pa pọ̀ lórí abẹ́rẹ́ gígùn kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdì òwú tirẹ̀. Ìlà tí ẹ bá ti fi ojú kún apá ọ̀tún, ibẹ̀ náà lẹ ó ti fi kún ti òsì.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì:
Àbúrò, ìbọ̀sẹ̀ yẹn kò le. Wọn ẹyọ kan tó ti parí lórí síkéèlì ilé ìdáná, kí o wọn òwú tó kù. Bí ìbọ̀sẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 34 tí òwú sì jẹ́ 36, ó tó, ṣùgbọ́n má fi ṣòfò. Bó bá dín, tú ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́, kí o fi àwọ̀ mìíràn hun ibẹ̀ lára méjèèjì. Ẹni tó bá rí i á rò pé bí o ṣe gbèrò ẹ̀ nìyẹn.

Kà wọ́n sínú ìwé kí o tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́: ojú tó yí ẹnu rẹ̀ ká, ìlà níìtì 2 pọ́ọ̀lù 2 (ojú méjì tí a hun sí ojú ire, méjì tí a hun sí òdì), gígùn ẹsẹ̀, ìlà gìgísẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú 64 ló yí i ká, 32 ló sábà máa ń wà ní gìgísẹ̀. Ìlà 32 níbẹ̀ máa ń fún ọ ní ojú 16 láti gbé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn: wọ́n á gbé 16 ní ọ̀tún, 18 ní òsì, ìbọ̀sẹ̀ á wá máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Àtú-tún-hun:
Ní ti ìborùn, ẹ má tíì tú ohunkóhun. Ojú kan tó dín nínú iṣẹ́ oníhò sábà máa ń jẹ́ òwú tí ẹ gbàgbé láti fi kọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ wo ìlà méjì tó gbẹ̀yìn: ibi tó yẹ kí ihò wà tí kò sí, ibẹ̀ ni. Òwú kan wà níbẹ̀ tó dábùú láàárín ojú méjì. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ gbé e, kí ẹ hun ún bí ojú. Ihò náà lè kéré díẹ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní hàn bí ẹ bá ti rẹ ìborùn náà tí ẹ sì fi píìnì nà án.

Bí àṣìṣe náà bá ti jìn, ẹ ki okùn tín-ín-rín tó ń yọ̀, aláwọ̀ mìíràn, bọ abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Ẹ fà á gba inú gbogbo ojú ìlà pọ́ọ̀lù kan nísàlẹ̀ àṣìṣe náà. Ojú 61 gbọ́dọ̀ pé lórí rẹ̀. Ẹ wá yọ abẹ́rẹ́, ẹ fa òwú. Yóò tú dé orí okùn yẹn, yóò sì dúró. Bí ẹ bá ń dá wọn padà sórí abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ojú kọ̀ọ̀kan (ìdajì ìkọ́ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún) ni kó wà níwájú abẹ́rẹ́. Bó bá wà lẹ́yìn, ojú náà yóò lọ́, yóò sì fún.

Ẹ fara balẹ̀ fún un. Iṣẹ́ oníhò máa ń rún bíi gèlè tí wọ́n ká sápò títí di ọjọ́ tí ẹ bá rẹ ẹ. Bí ẹ bá nà án tutù, ihò kọ̀ọ̀kan á là, ewé àti òdòdó inú rẹ̀ á sì jáde. Adùn ibẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ ka ojú.

Alápò Òwú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbora ńkọ́? Ṣé kí n tú gbogbo rẹ̀ ni?

Ìlà Kejì:
Ẹ má tú u. Ìlà 10 tó kẹ́yìn nìkan ni kí ẹ tú, kí ẹ lè rí òwú àtijọ́ díẹ̀ gbà padà. Lẹ́yìn náà, ìlà 2 pẹ̀lú ti àtijọ́, ìlà 2 pẹ̀lú tuntun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí àtijọ́ á fi tán. Ojú kò ní rí ibi tí àwọ̀ ti pàdé. Bí ẹ bá kàn so tuntun mọ́ ọn, ìlà kan á fà tọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Àkírílíìkì nìyẹn o, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e: á dẹ̀, kò sì ní padà sípò mọ́.

Àtú-tún-hun:
Mo fẹ́ fi èyí kún un. N kò gbà pé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ parí. Bí súwẹ́tà yẹn kò bá wù yín wọ̀ mọ́, òwú tó dára ló wà níbẹ̀. Ẹ tú u láti ibi tí ẹ hun dé, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ tí ẹ ti kó ojú, torí ìsàlẹ̀ á máa há ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ká a mọ́ ẹ̀yìn àga, ẹ so ó níbi mẹ́rin láìfún, ẹ rẹ ẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì fún un, kí ẹ gbé e kọ́. Ẹ má so ohun tó wúwo mọ́ ọn. Wúùlù tí wọ́n bá fà tó bẹ́ẹ̀ kì í lè rọ̀ bí ó ṣe rọ̀ mọ́.

Alápò Òwú:
Ó ṣì wù mí wọ̀ o, n ó parí rẹ̀ ni. Mo ti ka ẹ̀yìn rẹ̀: ojú 21 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Mo ti kó 30 sórí abẹ́rẹ́ 4, mo wà ní ìlà kẹfà.

Ojú Abẹ́rẹ́:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ 4 yẹn sórí ìwé kékeré kan, kí ẹ fi píìnì há a mọ́ iṣẹ́ náà báyìí, kí ẹ tó hun ìlà keje.