Àwo orin wo lẹ gbọ́ títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó lọ́dún 2024?

Ọmọ Lágéré: Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà, àwo wo lẹ ò jẹ́ kí aládùúgbò sinmi lé lórí? Tèmi ò jìnnà: Lungu Boy ti Asake. Ẹ sọ ibi tó ti bá yín o, ẹ má kàn dárúkọ lásán.

Bíọ́lá: HEIS ti Rema. Ó parí.

Tíṣà Iléṣà: Ṣé ìyẹn náà ni àwo? Orin 11, kò pé ìṣẹ́jú 30! Láyé tiwa, orin kan ṣoṣo ló ń gba odindi ojú kan àwo Ebenezer Obey.

Bíọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ni mo ṣe rí i gbọ́ tán kí iná tó lọ.

Àdùkẹ́ Sábó: Ẹ gbọ́ tèmi. Mo wọ kórópè ní Lágéré, mò ń lọ sí géètì Yunifásítì. Dẹ́rẹ́bà ti ki sípíkà bọ abẹ́ àga ẹ̀yìn, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ògì tí mo gbé lé ẹsẹ̀ ń mì nínú ọ̀rá. Lungu Boy ló ń lọ. Bó ṣe kan "Active", bàbá kan tó fi fìlà bojú, tí gbogbo wa rò pé ó ń sùn, ló bá pariwo: "Ayuba nìyẹn!" Ọmọkùnrin kan ní, "Bàbá, Asake ni, òun àti Travis Scott." Bàbá ní ìyẹn ò kan òun, ohùn Adewale Ayuba lòun gbọ́. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá kọjá ibi tó fẹ́ sọ̀, kò tiẹ̀ bínú.

Akin: Irọ́ lèyí o. Kórópè Ifẹ̀ wo ló ní sípíkà? Èyí tí mo wọ̀ lánàá, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀.

Ọmọ Lágéré: Bàbá yẹn mọ orin o. Orin tí Jazzman Olofin àti Ayuba jọ ṣe nígbà kan ni wọ́n mú síbẹ̀.

Tíṣà Iléṣà: Ẹ ẹ̀ wá rí i! Fújì ló ń bọ́ wọn.

Àdùkẹ́ Sábó: Kó wá dọ̀bálẹ̀ ni, sà?

Akin: Ọmọ Ifẹ̀ kúkú ni Asake.

Òṣómàáló: Láti ìgbà wo? Ọmọ Èkó ni, OAU ló kàn wá.

Akin: Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé nílùú wa, ọmọ wa ni.

Òṣómàáló: Tó bá jẹ́ gbèsè ló jẹ ńkọ́, ṣé ẹ máa gbà pé ọmọ yín ni?

Akin: Ìjẹ̀ṣà! Ẹ ti dárúkọ gbèsè.

Mosún: Morayo ti Wizkid ni tèmi. Orúkọ ìyá rẹ̀ tó kú ní 2023 ló fi sọ àwo náà. Ọdún yẹn kan náà ni màmá tèmi lọ. Mò ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi tàn án. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí tó fi tán. Ẹ̀fọ́ tí mo gé lọ́jọ́ yẹn rí wẹ́wẹ́ bíi tábà.

Bíọ́lá: Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́.

Òṣómàáló: Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ ire.

Tíṣà Iléṣà: Àmín o. Wizkid ò wù mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n màá gbọ́ èyí. Orin mélòó ni?

Mosún: 16, sà.

Tíṣà Iléṣà: Ẹ́n-ẹn! Àwo nìyẹn. Ta ló lè bá mi fi ránṣẹ́? Dátà mi ti ń tán lọ.

Akin: Òṣómàáló, ẹ yá ará yín ní dátà.

Òṣómàáló: Ta ni màá wá lọ lóṣòó tì?