Báwo ni a ṣe lè dá ìkìlọ̀ pípààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù dúró lórí kọ̀ǹpútà ilé?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn. Kọ̀ǹpútà kan wà nílé àwọn òbí mi ní Abẹ́òkúta, Windows 11 Home ni ó wà lórí rẹ̀, bàbá mi tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì ń lò ó jù. Lẹ́yìn oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀, kọ̀ǹpútà náà á tún sọ pé ọjọ́ páásíwọ́ọ̀dù ti pé, wọn kò sì ní lè wọlé àfi bí wọ́n bá ṣe òmíràn. Wọ́n ti wá ń kọ ọ́ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, èyí sì ń kọ mí lóminú, nítorí àwọn àlejò tó ń wọ ilé náà pọ̀. Mo gbìyànjú lusrmgr.msc, irinṣẹ́ Windows fún ṣíṣètò àkáǹtì tí àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n Windows ní irú tèmi kò lè lò ó. Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà? Ṣé kò sì léwu bí a bá dá ìkìlọ̀ náà dúró pátápátá?

Èsì kìíní

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Kọ̀ǹpútà yín kò bàjẹ́. Windows ní òfin kan tó fún páásíwọ́ọ̀dù ní ọjọ́ 42, òfin náà sì máa ń mú àkáǹtì èyíkéyìí tí a kò bá sàmì sí pé kí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ má ṣe parí. Orí Windows Pro àti àwọn tó jù ú lọ ni lusrmgr.msc ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lè fi àṣẹ ṣe iṣẹ́ kan náà lórí Home.

Ẹ wá PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, nínú Start, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Run as administrator. Ẹ kọ́kọ́ kọ Get-LocalUser, kí ẹ lè rí orúkọ tí Windows fúnra rẹ̀ mọ àkáǹtì náà sí, nítorí ó lè yàtọ̀ sí èyí tó ń hàn nígbà tí bàbá bá fẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èyí, kí ẹ fi orúkọ náà sí ipò ORUKO:

Set-LocalUser -Name "ORUKO" -PasswordNeverExpires $true

Bí kò bá sọ nǹkan kan padà, ó ti gbà nìyẹn. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ kọ net user "ORUKO", ẹ ó sì rí Never níwájú Password expires. Àṣẹ mìíràn wà, net accounts /maxpwage:unlimited, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo àkáǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni ó máa ń kàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́.

Èsì kejì

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè ewu, nítorí òun gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill rí i pé, bí a bá ti mọ páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, kọ̀ǹpútà lè mọ èyí tó rọ́pò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ fún bí àkáǹtì 41 nínú 100. Ẹni tí a ń fi ipá mú pààrọ̀ kì í ronú tuntun. Nọ́ńbà ìparí ni yóò yí padà, tàbí kí ó fi àmì kan kún un, tàbí kí ó kọ ọ́ sára bébà bí bàbá ti ṣe. Ní 2017, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlànà irú èyí, sọ pé kí a má ṣe fi ipá mú ènìyàn pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù lóòrèkóòrè, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Microsoft náà yọ òfin yìí kúrò nínú ìlànà ààbò tí wọ́n ń dámọ̀ràn ní 2019.

Nítorí náà, ẹ dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ ṣe páásíwọ́ọ̀dù tuntun tó gùn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ojú àlejò ti lè kan èyí tó wà lára bébà. Ẹ jẹ́ kí bàbá so ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan pọ̀, láìsí àmì ohùn, kí ó má baà nira láti tẹ̀. Kí wọ́n má lo òwe tàbí oríkì ìdílé, nítorí ẹni tó mọ̀ wọ́n lè rò ó já. Kí wọ́n sì fa bébà náà ya.

Èsì kẹta

Mo fẹ́ fi kún un pé àkáǹtì inú kọ̀ǹpútà nìkan ni àṣẹ yẹn wà fún. Ẹni tó bá ń fi àkáǹtì Microsoft wọlé ní láti lọ sí abala ààbò àkáǹtì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó wò ó bóyá òun ti fara mọ́ pípààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ní gbogbo ọjọ́ 72 rí, kí ó sì yọ àmì náà kúrò. Bí kọ̀ǹpútà bá sì jẹ́ ti ibi iṣẹ́, àwọn alábòójútó ibẹ̀ ni ó ni òfin náà. Àwọn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Àkáǹtì inú kọ̀ǹpútà ni ti bàbá. Mo ka àṣẹ náà fún wọn lórí fóònù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, Never sì ti hàn níbi tí ẹ wí. Wọ́n ti yan ọ̀rọ̀ márùn-ún, wọn kò sì sọ ọ́ fún èmi pàápàá. Ó ku àkáǹtì màmá mi, tí a ó ṣe lọ́nà kan náà.